Iná Ẹ̀pà Tí Kò Ta Sánsán

Ibùsùn náà fẹ̀ jù fún ọmọ náà. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, síbẹ̀ ibi tí ara rẹ̀ gbà kò ju ibi tí ènìyàn lè gbé ìrọ̀rí sí lọ.

Ìyá Ìbéèrè ká aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀. Ó fi ìka gbé ìpéǹpéjú kan sókè. Funfun ojú ọmọ náà ti di àwọ̀ ìyeyè. Ikùn rẹ̀ wú. Apá rẹ̀ rù bí igi ìṣáná.

Ìyá Ìbéèrè ni gbogbo ènìyàn ń pè é, láti ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá dé ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní bí o bá kí i pé "ẹ káàárọ̀", á ní "ta ló rán ẹ?" Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Ó ti rí òkú púpọ̀. Kò tíì rí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo ju aṣọ tí wọ́n fi bò ó lọ.

"Ṣé ibà ni?" ó bi dókítà.

"Ì bá wù mí kó jẹ́ ibà." Dókítà jẹ́ obìnrin tí ojú rẹ̀ ti wọnú torí àìsùn. "Ibà, mo mọ̀ ọ́n wò. Ẹ̀dọ̀ ọmọ yìí ló bàjẹ́. Májèlé ni, Ìyáàfin. Májèlé tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó bá ti bu."

"Ẹ̀pà wo?"

"Ohun tí mo ṣe ránṣẹ́ pè yín nìyẹn. Kò sí ẹ̀pà nílùú yìí mọ́."

Òótọ́ ni. Ọdún náà, òjò kò dá nígbà ìkórè. Tútù ni wọ́n wú ẹ̀pà, tútù ni wọ́n kó o sí sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ẹlẹ́pà, ibẹ̀ ló sì bu sí. Ọkùnrin tó ń yẹ irè oko wò wá, ó bù díẹ̀ lọ, ó padà wá pẹ̀lú orí mímì. Májèlé ti wọ gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n sun ún. Wọ́n kun àwọn àpò náà ní ọ̀dà pupa, wọ́n kó wọn sínú kòtò lẹ́yìn sítọ́ọ̀, wọ́n sì dáná sun wọ́n lójú gbogbo ayé. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀pà níbẹ̀ sunkún bí ẹni tí wọ́n ń sin òkú fún. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà ni ebi ti ń wọlé wọn bí onílé.

"Èmi náà dúró níbi iná yẹn," dókítà ní. "Ẹ̀pà tó jóná lójú mi, báwo ló ṣe dé ikùn ọmọ?"

Ó mú Ìyá Ìbéèrè lọ sí yàrá kejì. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sùn síbẹ̀, méjì méjì lórí ibùsùn kan, gbogbo ojú ló pọ́n. Lẹ́bàá fèrèsé, ìyá arúgbó kan ń fi páálí fẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan.

"Màmá Àká nìyẹn," dókítà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ẹ̀pà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Kékeré là ń pe ọmọ yẹn, ọmọ-ọmọ wọn ni. Òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn tó kù, bí wọ́n bá ti lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ara wọn á máa fúyẹ́. Kékeré nìkan ló ń burú sí i lójoojúmọ́. Bó bá ń bá a lọ báyìí, kò ní rí òpin ọ̀sẹ̀ yìí." Ó di apá Ìyá Ìbéèrè mú. "Ẹ bá mi wá ibi tí nǹkan yìí ti ń wá. Mo bẹ̀ yín. Òògùn ò sí fún un. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe ni kí n gbà á lẹ́nu wọn, n ò sì mọ ibi tó wà."

*

Bíríkìlà tí ọmọ rẹ̀ kú ń rẹ́ ògiri. Ilé ara rẹ̀ ni. Ògiri náà ti dán tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó ń bu sìmẹ́ǹtì lé e, ó ń rẹ́ ẹ, ó ń há a kúrò, ó tún ń rẹ́ ẹ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, ó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn.

"Kí lọmọ yín jẹ?" Ìyá Ìbéèrè bi í.

"Búrẹ́dì."

"Kí lẹ fi sí i?"

"Omi." Kò wo ẹ̀yìn. "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló pa ọmọ mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sun ẹ̀pà, mo dúró síwájú kòtò. Mo ní Olúwa ò ní dárí ji ẹni tó bá sun oúnjẹ lójú ẹni tí ebi ń pa. Alága ní òun á fi mí ṣe ẹlẹ́yà níwájú gbogbo ìlú. Ẹ wò ó, ó ti ṣe é."

Ojú Ìyá Ìbéèrè ti dé orí fèrèsé. Agolo wàrà kan wà níbẹ̀, kò ní bébà lára mọ́. Ṣíbí ọmọdé wà nínú rẹ̀. Ó gbé e, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyàwó ilé, kí ló wà nínú èyí tẹ́lẹ̀?"

Obìnrin náà kò yíjú. Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ sunkún, kí ẹnu rẹ̀ tó sunkún.

"Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá a," ó ní. "Ní ìdájí. Wọ́n fi òwú so ìdérí rẹ̀. Ẹ̀pà lílọ̀ ni, ó funfun báyìí, ó ní iyọ̀ díẹ̀. Nígbà tó tán, òmíràn tún dé. A kì í bi àánú pé níbo lo ti ń bọ̀."

Irin tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri dúró lórí afẹ́fẹ́.

"O ò sọ fún mi."

"O ní a ò ní jẹ oúnjẹ ọrẹ nínú ilé yìí! O ní kàkà kí a tọrọ, ká kú! Ọmọ ń sunkún, ìwọ ń sọ̀rọ̀ iyì!"

Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó kọjú sí Ìyá Ìbéèrè: "Ẹni tó gbé agolo yẹn síbí, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ kí n rí i. Torí bó bá dé iwájú mi, mo máa mọ ọ́n mọ́ inú ògiri yìí."

Ìyá Ìbéèrè lọ láti ilé dé ilé gbogbo àwọn tí ọmọ wọn wà ní ilé ìwòsàn. Wọ́n kọ́kọ́ ń jiyàn. Bó bá ti gbé agolo bíríkìlà síwájú wọn, wọ́n á wọ abẹ́ ibùsùn. Wọ́n á mú tiwọn jáde. Ẹ̀pà kan náà ni, ó funfun, ó kúnná. Òwú kan náà ni, òwú líle tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò. Gbogbo wọn ló jẹ́ obìnrin tó ń ṣa ẹ̀pà kí iṣẹ́ tó bọ́.

Ìyá kan ní òun rí ojú ènìyàn nínú kùrukùru ìdájí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó jọ Apá-Irin, aláàárù sítọ́ọ̀.

Ìyá Ìbéèrè padà sí ilé ìwòsàn, ó jókòó ti Màmá Àká.

"Ẹ kú ìtọ́jú, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Olúwa á wò ó." Ó ti fi àkísà di orí àwọn ìka rẹ̀. Ó rí i pé Ìyá Ìbéèrè ń wò ó. "Làkúrègbé ni. Ọjọ́ ogbó ni."

"Màmá, ṣé wọ́n gbé agolo ẹ̀pà sẹ́nu ọ̀nà tiyín náà?"

Páálí tó fi ń fẹ́ ọmọ náà dúró díẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ.

"Rárá o. Ẹnikẹ́ni ò gbé agolo sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo fi Ọlọ́run búra fún ẹ." Ó gbé fúláàsì oúnjẹ kan jáde nínú àpò rẹ̀. "Jẹ́ kí n fún Kékeré lóúnjẹ. Kò lè jẹ oúnjẹ ilé ìwòsàn, kò ní adùn."

Ìyá Ìbéèrè dìde fún un. Ọ̀rọ̀ náà sì jọ òótọ́.

*

Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní tábìlì tó tóbi tó ibi tí ènìyàn lè sùn sí. Ó sanra, ó ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi? Kí èmi máa pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìdájí? Ìyáàfin, ẹ bi ìyàwó mi bóyá mo ti pín nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ rí."

"Ẹ halẹ̀ mọ́ bíríkìlà."

"Mo halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnu ni mo fi halẹ̀. Ọkùnrin yẹn fẹ́ kí àwọn ènìyàn jẹ májèlé! Bí mo bá fẹ́ pa wọ́n, kí ni mo sun ẹ̀pà fún? N bá kàn jókòó síbí, kí n jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀?"

"Èmi ní ọ̀kan. Màmá Àká ní ọ̀kan. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ sí kí ni, Ìyáàfin? Gbogbo ẹ̀pà ti jóná." Ẹ̀rín rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀. "Àbí kò jóná ni?"

"Ta ló ń lọ ẹ̀pà nílùú yìí?"

"Bàbá Ẹ̀rọ nìkan ni. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí ẹ máa mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín rí."

Irọ́ ni Alága pa. Bàbá Ẹ̀rọ máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kì í dé ẹnu.

"Kí lẹ lọ̀ kẹ́yìn?" Ìyá Ìbéèrè bi í nígbà tó dé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ní afẹ́fẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ̀, ẹ gbé e wá, màá lọ̀ ọ́ kúnná."

Ìyá Ìbéèrè bẹ ẹnu ẹ̀rọ náà wò. Aláǹtakùn ti ta àwọ̀n síbẹ̀ láti etí kan dé etí kejì, eruku ti bo àwọ̀n náà. Ó yọ agolo jáde, ó fi ìka méjì tẹ ẹ̀pà tó kù nínú rẹ̀. Ó kúnná lóòótọ́, àmọ́ hóró wẹ́wẹ́ ń bọ́ sí i níka lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kọ́ ló lọ èyí. Ọlọ ni. Ẹnì kan kúnlẹ̀ ti ọlọ, ó fi apá rẹ̀ méjèèjì lọ̀ ọ́.

Kò sí awọ pupa kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni náà ti bó gbogbo rẹ̀.

Ó bá Apá-Irin níbi tí àwọn aláàárù ń jókòó sí, lábẹ́ òrùlé páànù kan. Apá rẹ̀ ò nípọn ju ọwọ́ ìgbálẹ̀ lọ.

"Apá-Irin! Irin tó ti dípẹtà!" obìnrin kan tó ń kọjá pariwo. "Wọ́n ti wá mú ẹ!"

"Ẹ má dá a lóhùn, Àǹtí. Ó fẹ́ràn mi ni."

"Kí lò ń wá nílé àwọn tó ń ṣa ẹ̀pà ní ìdájí?"

Apá-Irin họrí. "Opó kan wà ládùúgbò yẹn. Ẹ dákun, ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Mo máa ń lọ gbá iwájú ilé fún un kí ojú tó là, kó lè rò pé áńgẹ́lì ni."

"Kò tíì mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Ó ti mọ̀. Ó ní kí n máa gbá ẹ̀yìnkùlé náà."

Àwọn aláàárù tó kù rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbéèrè ò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo kó àpò ẹ̀pà sínú iná?"

Ojú Apá-Irin tàn. "Kì í ṣe kíkó ṣá! Àpò méjì ní èjìká yìí, méjì ní èjìká yìí! Alága fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹ bi wọ́n! Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó bú apá mi mọ́, àfi obìnrin burúkú yẹn."

"Àpò ẹ̀pà kan, èèyàn mélòó ló máa ń gbé e?"

"Méjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀pà tó dá ṣáká. Eléyìí ti bu, Àǹtí. Ó ti jẹrà nínú, ó ti fúyẹ́."

"Iná ọ̀hún ńkọ́? Báwo ló ṣe jó?"

"Ó dùn-ún wò! Ó jó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bíi páálí. Èéfín funfun."

"Báwo ló ṣe ń rùn?"

Apá-Irin la ẹnu láti fèsì. Ẹnu náà wà ní lílà. Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn náà ń wo ara wọn.

Bí ènìyàn bá yan ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan nínú ilé, àdúgbò á mọ̀. Òórùn rẹ̀ á ta sánsán, á fo ògiri, á pe ọmọ aládùúgbò wálé. Odindi sítọ́ọ̀ ẹ̀pà jóná lójú àwọn tí ebi ń pa, kò sì sẹ́ni tí itọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀.

"N ò gbọ́ òórùn kankan," Apá-Irin ní. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jí apá rẹ̀ gbé.

Wọ́n jọ lọ sí kòtò náà. Òjò ti pa á, ṣùgbọ́n abẹ́ eérú rẹ̀ ṣì gbẹ. Ìyá Ìbéèrè bọ́ sínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ wa eérú. Eérú funfun, ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Kò sí hóró dúdú kan. Kò sí òróró tó yọ́ sílẹ̀ tó dì. Ó rí èèpo kan tí iná ò jẹ tán, ó rí òmíràn. Èèpo ẹ̀pà. Èèpo lásán ni wọ́n sun.

Ó jókòó sínú eérú náà. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó jókòó.

Àwọn àpò wọ̀nyẹn ti kúrò ní àpò ẹ̀pà kí Apá-Irin tó gbé wọn rárá. Inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n ti pa wọ́n dà. Alága, tàbí Màmá Àká. Kò sí ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń gún un ju èyí lọ. Ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn, kí ló ń bó ẹ̀pà fún? Kí ló ń fi iyọ̀ sí i fún? Hóró kan lẹ́yìn òmíràn, títí ìka fi bó. Apànìyàn kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ìyá ló ń ní in.

Ìka tó bó. Àkísà lórí ìka.

Ó sì rántí ìbúra arúgbó náà. *Ẹnikẹ́ni ò gbé agolo sẹ́nu ọ̀nà mi.* Òótọ́ ni. Gbogbo ọmọ tó ń ṣàìsàn ló ní agolo, àfi Kékeré. Bí agolo ò bá dé ilé rẹ̀, níbo ni májèlé ti bá ọmọ náà? Odò kì í ṣàn wá sí orísun ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ṣàn jáde.

Ara àwọn tó kù ń fúyẹ́ ní ilé ìwòsàn. Kékeré nìkan ló ń burú sí i.

Kò lè jẹ oúnjẹ ilé ìwòsàn. Kò ní adùn.

Ìyá Ìbéèrè fò jáde nínú kòtò. Apá-Irin ń bi í pé kí ló dé, ṣùgbọ́n ó ti ń sáré.

*

Ṣíbí náà ti dé ẹnu ọmọ náà nígbà tó wọlé.

"Màmá! Ẹ gbé e sílẹ̀!"

Gbogbo yàrá yíjú. Eérú bo Ìyá Ìbéèrè láti itan dé ẹsẹ̀. Ó di ọwọ́ arúgbó náà mú. Ọwọ́ náà ò jà.

"Jẹ́ kó jẹun, ọmọ mi. Ebi ń pa á."

"Kí ló wà nínú ṣíbí?"

"Omi gbígbóná. Ṣúgà."

"Kí tún ni?"

Dókítà ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó gba fúláàsì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀pà ni," Màmá Àká ní. Ó gbé orí rẹ̀ sókè. "Ẹ̀pà tó mọ́. Mo ti ń ṣa ẹ̀pà kí wọ́n tó bí ìyá ẹni tó wá ní kí a sun ún. Gbogbo obìnrin tó ń ṣà á nílùú yìí, èmi ni mo kọ́ wọn: ṣa èyí tó bu dànù, mú èyí tó dára. Ọkùnrin yẹn ò ṣa nǹkan kan. Ó kàn ní kí a sun gbogbo rẹ̀."

"Ẹ kó èèpo sínú àwọn àpò ọlọ́dà pupa."

"Èèpo kún sítọ́ọ̀ bí iyanrìn. Mo kó ẹ̀pà pamọ́ sábẹ́ èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ni mo ń gbé e lọ sílé ní díẹ̀díẹ̀. Mo ṣà á, hóró kọ̀ọ̀kan. Mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Mo sá a, mo yan án lóko lóru kí òórùn rẹ̀ má bàa ta dé ìlú, mo bó o. Mo sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́! Mo jẹ ẹ́ tó ọjọ́ mélòó kan, inú ò run mí. Ṣé ẹ rò pé màá fún ọmọ ní ohun tí èmi ò kọ́kọ́ jẹ?"

Dókítà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Màmá, bíbu tí ẹ ń fi ojú rí yẹn kọ́ ni májèlé. Òun ló ń da májèlé sínú ẹ̀pà. Májèlé náà ò ní àwọ̀. Èyí tó funfun lójú yín lè ti mu ún yó. Omi kì í fọ̀ ọ́ kúrò. Iná ìdáná kì í pa á tán. Ara yín gbà á torí ẹ ti dàgbà. Ẹ̀dọ̀ ọmọdé ò lè gbé e."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan nígbà tí wọ́n ní májèlé ẹ̀pà ni?" Ìyá Ìbéèrè bi arúgbó náà.

"Mo ní ibà ni. Mo ní dókítà kékeré ni, kò mọ̀. Mo ní bí wọ́n bá rí nǹkan gidi jẹ, ibà á lọ. Mo tilẹ̀ ń fi kún un fún Kékeré."

"Lẹ́yìn tí ọmọ bíríkìlà kú ńkọ́, Màmá?"

Arúgbó náà wo àkísà orí ìka rẹ̀ pẹ́.

"Nígbà tí o bi mí nípa agolo, àyà mi já. Mo délé, mo da ẹ̀pà náà sórí àtẹ, mo wò ó. Ó mọ́. Ó dára lójú. Mo ní kò lè jẹ́ òun. Torí bó bá jẹ́ òun ni..." Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. "Mo ní àbúrò kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ebi ló pa á, lórí ẹsẹ̀ mi níbí. Mo búra pé níbi tí mo bá wà, oúnjẹ ò ní jóná kí ọmọ máa sunkún. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ ṣe."

Nọ́ọ̀sì gbé fúláàsì náà jáde. Kékeré la ojú rẹ̀ tó pọ́n, ó fi ojú tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá àgbà," ó ní, "ẹ̀pà mi dà?"

Nígbà náà ni Màmá Àká pariwo.

*

Agolo ṣì wà láwọn ilé mìíràn, nílé àwọn tí ọmọ wọn ò tíì ṣàìsàn. Ìyá Ìbéèrè rán àwọn ọlọ́pàá lọ gbà wọ́n. Ọwọ́ òfo ni wọ́n bá padà. Kò sí ìyá tó gbà pé òun ní nǹkan kan. Ta ló máa kó oúnjẹ fún ọlọ́pàá lásìkò yìí?

"Mú mi lọ," Màmá Àká ní. "Èmi ni wọ́n máa fún."

Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, arúgbó náà á kúnlẹ̀ fún ẹni tó kọ́ níṣẹ́, á ní: "Èmi ni. Èmi ni mo ń gbé e wá. Gbé e fún mi padà, ó ń pa ọmọ." Àwọn kan ṣépè. Àwọn kan gbé e dìde, wọ́n ń sunkún. Obìnrin kan di agolo rẹ̀ mọ́ àyà.

"Bí mo bá gbé e fún yín, kí ni wọ́n máa jẹ lálẹ́ òní?"

Ó wo Màmá Àká. Ó wo Ìyá Ìbéèrè. Nígbà tó yá, ó gbé agolo náà sílẹ̀ láàárín wọn, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ilé bíríkìlà ló kù. Ìyá Ìbéèrè ní kí wọ́n má lọ. Arúgbó náà ti ṣíwájú.

Bíríkìlà ṣì ń rẹ́ ògiri. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó yíjú. Màmá Àká kúnlẹ̀ sínú sìmẹ́ǹtì tútù.

"Èmi ni," ó ní.

Ìyá Ìbéèrè bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bíríkìlà ò sún mọ́ wọn. Irin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo arúgbó náà, ó wo àkísà ìka rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ jìnnà. Ìyàwó rẹ̀ ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. Agolo àkọ́kọ́, èyí tó ti tán, wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn," bíríkìlà ní, "kò fi ebi sùn. Ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Mò ń bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín." Ó gbé irin náà sí ọwọ́ kejì. "Màmá, kí ni kí n ṣe fún yín? Ẹ sọ fún mi. Ṣé kí n dúpẹ́ ni, àbí kí n pa yín?"

Màmá Àká ò lè gbé orí sókè.

Bíríkìlà yíjú sí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí gbogbo ìlú mọ̀ pé kì í ṣaláìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Òun náà ń wo ilẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ rìn kọjá láàárín wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi agolo òfo náà sọ́wọ́ arúgbó náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àwọn ìka tí wọ́n fi àkísà dì náà dé lé e lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn wọn, irin tún bẹ̀rẹ̀ sí í há ògiri.